Ẹ Jọ̀wọ́, Ẹ Má Fi Fáìlì Olóògbé Kan Tẹ Ti Òmíràn Mọ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Mo ní business centre kékeré kan ní Òṣogbo. Èmi àti ọmọ kan tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi la jọ ń tẹ̀wé: ìwé ìkésíni ìgbéyàwó, ètò ìsìnkú, lẹ́tà ìwáṣẹ́, ìwé àdéhùn ilé. Ọ̀rọ̀ kan náà la máa ń tẹ̀ láti àárọ̀ títí di alẹ́. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé màá ṣí iṣẹ́ oníbàárà àtijọ́, màá pa orúkọ tó wà níbẹ̀ rẹ́, màá kọ tuntun. Lóṣù tó kọjá, a tẹ ètò ìsìnkú fún ẹbí kan, àṣé orúkọ màmá mìíràn tí wọ́n ti sin lọ́dún tó kọjá ṣì wà lójú ewé kẹta. Ojú tì mí débi pé mi ò lè gba owó iṣẹ́ náà. Ṣé ọ̀nà wà tí kọ̀ǹpútà lè gbà tọ́jú ọ̀rọ̀ tí à ń tẹ̀ lójoojúmọ́, kí n kàn máa pè é jáde? Yorùbá tó ní àmì ló tiẹ̀ ń gba àkókò mi jù, torí àwọn oníbàárà mi fẹ́ kí orúkọ wọn pé.

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ sì kú iṣẹ́. Àṣìṣe lórí ètò ìsìnkú kì í ṣe ohun kékeré. Ẹbí á kó ìwé yẹn sínú àpótí, ọmọ-ọmọ á tún mú un jáde lẹ́yìn ogún ọdún. Ẹ ṣeun tí ẹ kò fi owó wọn sápò. Ẹ jẹ́ ká wá ojútùú sí i kó má bàa ṣẹlẹ̀ mọ́.

Bí ẹ ṣe kọ ìbéèrè yín, ó jọ pé wàhálà títẹ ọ̀rọ̀ kan náà léraléra lẹ rò pé ó fa ọ̀rọ̀ yìí. Èmi kò rò bẹ́ẹ̀. Fáìlì àtijọ́ yẹn gan-an ló fà á. Iṣẹ́ tí a ti parí fún ẹnì kan kún fún nǹkan ẹni náà. Orúkọ olóògbé lè wà lójú ewé àkọ́kọ́, kó tún wà nínú ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀, nínú àdúrà, lábẹ́ àwòrán, nínú ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ àwọn ọmọ, àti lórí gbogbo ewé níbi tí ojú kì í fi bẹ́ẹ̀ dé. Ẹ ó pa mẹ́fà rẹ́, ìkeje á sá pamọ́. Ẹni tó bá ń ti ara iṣẹ́ àtijọ́ ṣe tuntun, bó ti wù kó lójú tó, ọjọ́ kan ṣáá ni yóò ṣe é. Nítorí náà, ohun tó yẹ kẹ́ ẹ tọ́jú ni ìwé tí orúkọ ẹnikẹ́ni kò sí nínú rẹ̀ rárá. Egungun ìwé lèmi máa ń pè é.

Bí ẹ ó ṣe ṣe é nínú Microsoft Word nìyí. Ẹ mú ètò ìsìnkú tó dára jù tí ẹ ti ṣe rí, ẹ lọ sí File, ẹ tẹ Save As, kẹ́ ẹ fún un ní orúkọ mìíràn kí iṣẹ́ ti àkọ́kọ́ má bàa bàjẹ́. Ẹ wá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ẹran ara rẹ̀: orúkọ olóògbé, ọjọ́ tí wọ́n bí i, ọjọ́ tó papòdà, ilé ìjọsìn, orúkọ àwọn ọmọ, ibi tí wọn yóò ti ṣe àlejò. Ibi tí ẹ bá ti yọ nǹkan, ẹ má fi í sílẹ̀ lófìfo, torí ojú máa ń fo òfìfo kọjá. Ẹ kọ àmì kan tí kò lè wà nínú ìwé oníbàárà kankan síbẹ̀, bíi @@ORUKO, @@OJOIBI, @@IJOSIN. Ẹ má fi àmì ohùn sí àwọn wọ̀nyí, kó lè rọrùn láti wá. Ibi gbogbo tí orúkọ olóògbé yẹ kó ti jáde, @@ORUKO kan náà ni kẹ́ ẹ kọ síbẹ̀, ẹ má yí i padà.

Tí ó bá parí, ẹ tún lọ sí Save As, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí, níbi tí wọ́n ti ń bèèrè irú fáìlì, ẹ yan Word Template. Orúkọ fáìlì náà á parí sí .dotx dípò .docx. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ pọ̀. Tí ẹ bá tẹ fáìlì .dotx lẹ́ẹ̀mejì láti ṣí i, Word kò ní ṣí òun fúnra rẹ̀. Ìwé tuntun tí kò tíì ní orúkọ ni yóò gbé jáde fún yín. Ẹ lè kọ ohun tó bá wù yín sínú rẹ̀, ọmọ iṣẹ́ yín lè fi ìkánjú tẹ Save nígbà mẹ́wàá, egungun yẹn á wà bó ṣe wà.

Nígbà tí oníbàárà bá dé, ẹ tẹ Ctrl+H. Sínú àpótí àkọ́kọ́, ẹ kọ @@ORUKO. Sínú èkejì, ẹ kọ orúkọ olóògbé ní pípé, kẹ́ ẹ tẹ Replace All. Gbogbo ibi tó yẹ ló máa wọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́ sórí pépà, ẹ tẹ Ctrl+F, ẹ wá @@. Tí kọ̀ǹpútà bá ṣì rí ẹyọ kan, iṣẹ́ kò tíì parí. Ẹ tún fi ojú ara yín wo òkè ewé, ìsàlẹ̀ ewé àti inú àpótí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán, ẹ má gbé ìyẹn lé ẹ̀rọ lọ́wọ́.

Ohun kan wà tí ẹ ó bá pàdé níbi ètò ìsìnkú tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ fi Gẹ̀ẹ́sì kọ. Yorùbá wa kò ní wàhálà nínú: "ó" ni bàbá, "ó" náà ni màmá. Gẹ̀ẹ́sì ní he àti she, his àti her, ó sì máa ń fara sin sáàárín ọ̀rọ̀ ju orúkọ lọ. Ẹ má gbìyànjú láti fi egungun kan ṣe méjèèjì. Ẹ ṣe ọ̀kan fún bàbá, ẹ ṣe ọ̀kan fún màmá, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ kedere sí orúkọ fáìlì náà.

Lẹ́tà ìwáṣẹ́ àti ìwé àdéhùn ilé, ọ̀nà kan náà ni. Kìkì pé kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún ọjọ́. Àwọn kan máa ń tẹ Alt+Shift+D kí Word lè bá wọn kọ ọjọ́ òní. Ọjọ́ yẹn kì í dúró sójú kan. Ọjọ́ tí ẹ bá tún ṣí ìwé náà lọ́la, ti ọ̀la ni yóò gbé wọ̀. Ìwé àdéhùn tí onílé àti ayálégbé ti fọwọ́ sí kò gbọ́dọ̀ ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ nínú. Ẹ fi ọwọ́ yín kọ ọ́.

Egungun dára fún odindi ìwé. Ṣùgbọ́n ìpínrọ̀ kan wà tó ń wọ inú oríṣiríṣi ìwé: ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́, àdúrà ìparí, àdírẹ́sì ṣọ́ọ̀bù yín, gbólóhùn tó sọ iye oṣù tí onílé gbọ́dọ̀ fi ṣáájú kó tó ní kí ayálégbé kó jáde. Fún ìyẹn, Word ní ohun tó ń jẹ́ Quick Parts. Ẹ fi mọ́ọ̀sì gbá ìpínrọ̀ náà mú, ẹ tẹ Alt+F3, ẹ fún un ní orúkọ kúkúrú, bíi xdupe. Níbi tí wọ́n ti bèèrè ibi tí ẹ fẹ́ kó o sí, ẹ yan Normal. Láti ọjọ́ náà lọ, tí ẹ bá ti kọ xdupe tí ẹ sì tẹ F3, gbogbo ìpínrọ̀ náà á jáde, pẹ̀lú bí lẹ́tà rẹ̀ ṣe rí àti bó ṣe nípọn tó.

Ẹ ó bi mí pé kí ló dé tí mo fi x síwájú. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ sí, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kó ara wọn sí wàhálà. Ìgékúrú tí ẹ bá yàn kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ẹ lè dìídì fẹ́ kọ. Ká ní ẹ fi "oko" ṣe ìgékúrú nǹkan kan: oko ni, ọkọ ni, ọkọ̀ ni, ọkọ́ ni, òkò ni. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ kọ ọ̀kan nínú wọn láìní àmì, kọ̀ǹpútà lè gbé ohun tí ẹ kò fẹ́ kalẹ̀ sáàárín ìwé ìgbéyàwó. Ábídí Yorùbá kò ní c, kò ní q, kò ní v, kò ní x, kò ní z. Lẹ́tà márùn-ún wọ̀nyí wà lórí kíbọọ̀dù yín, tí Yorùbá kò sì lò wọ́n. Èyí tí mo yàn ni x, torí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ náà kò tó nǹkan. Ohun gbogbo tí mo bá gé kúrú, x ló máa ń ṣíwájú rẹ̀, ọwọ́ mi sì ti mọ̀ ọ́n.

Ọgbọ́n gígé ọ̀rọ̀ kúrú ti wà kí kọ̀ǹpútà tó dé. Lọ́dún 1879, Walter Phillips, ará Amẹ́ríkà kan tó ń ṣiṣẹ́ tẹligíráàmù, tẹ ìwé kan jáde tó kún fún ìgékúrú àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń fi ránṣẹ́ nínú ìròyìn. Ẹni tó wà lápá ibí á tẹ lẹ́tà díẹ̀, ẹni tó wà lápá ọ̀hún á kọ ọ́ jáde ní kíkún. Ibẹ̀ ni SCOTUS tí àwọn oníròyìn fi ń pe ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà ti wá. Iṣẹ́ ẹni tó wà lápá ọ̀hún yẹn ni kọ̀ǹpútà fẹ́ máa bá yín ṣe báyìí.

Ó kan ọ̀rọ̀ àmì tí ẹ ní ó ń gba àkókò yín. AutoCorrect ni ẹ ó lò. Ẹ lọ sí File, Options, Proofing, AutoCorrect Options. Àpótí méjì wà níbẹ̀: sínú ti òsì ẹ kọ xolr, sínú ti ọ̀tún ẹ kọ Ọlọ́run. Tí ẹ bá ti ń tẹ̀wé lọ, tí ẹ kọ xolr tí ẹ sì tẹ bọ́tìnnì àlàfo (spacebar), Ọlọ́run ló máa jókòó síbẹ̀. Ẹ ṣe xosg fún Òṣogbo, xibd fún Ìbàdàn, xakd fún Àkàndé, xajy fún Àjàyí, xaye fún Adéyẹmí. Nígbà tí ẹ bá fi máa ṣe ọgọ́ta orúkọ tó wọ́pọ̀ jù lágbègbè yín, ẹ ó rí i pé ó ṣọ̀wọ́n kẹ́ ẹ tó tún wá àmì. AutoCorrect kò gbà ju lẹ́tà 255 lọ fún ọ̀rọ̀ lásán, ìdí nìyí tí mo fi ní kẹ́ ẹ fi Quick Parts ṣe ìpínrọ̀. Tí ìgékúrú kan bá dédé kọ̀ láti ṣiṣẹ́, ẹ wo ìsàlẹ̀ ojú Word níbi tí wọ́n kọ èdè sí. Èdè kọ̀ọ̀kan ló ní àkójọ AutoCorrect tirẹ̀. Èyí tí ẹ kọ nígbà tí ìwé wà lórí Gẹ̀ẹ́sì lè má jí tí ìwé bá wà lórí Yorùbá.

Ọ̀nà yìí tún ní àǹfààní kan tó ju yíyára lọ. Nínú Unicode, ìyẹn ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà, lẹ́tà ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀, 1EB9. Lẹ́tà é náà ní tirẹ̀, 00E9. Ṣùgbọ́n ẹ́, èyí tó ní àmì lókè tó tún ní nísàlẹ̀, kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Nǹkan méjì ni a ń so pọ̀. Ẹnì kan á kọ ẹ kó tó fi àmì ohùn lé e, ẹlòmíràn á kọ é kó tó fi àmì sábẹ́ rẹ̀. Lójú èèyàn, ọ̀kan náà ni. Lójú ọ̀pọ̀ ètò kọ̀ǹpútà, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ ó ṣe wá orúkọ kan tí ẹ ń fi ojú yín rí kedere, tí kọ̀ǹpútà á ní òun kò rí i, tí Replace All á sì fo ó dá. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ bí orúkọ màmá ọjọ́sí ṣe ṣẹ́ kù nìyẹn. Tí ó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ni ẹ kọ orúkọ dáadáa tí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ sí AutoCorrect, ìgbà gbogbo ni yóò máa jáde bákan náà, ìbá à jẹ́ ẹ̀yin lẹ tẹ̀ ẹ́, ìbá à jẹ́ ọmọ iṣẹ́.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe gba kí ẹnikẹ́ni fi Ctrl+U fa ìlà sábẹ́ e àti o dípò kó kọ ẹ àti ọ. Mo ń rí i nínú ọ̀pọ̀ ìwé, ó sì máa ń dùn mí. Ìlà yẹn kì í ṣe ara lẹ́tà. Ẹ kọ́pì ọ̀rọ̀ náà sórí WhatsApp, ìlà á dàwátì, Ọláolú á di Oláolú. Ní ti fọ́ǹtì, Charis SIL, Gentium àti Noto Sans máa ń gbé àmì wa síbi tó yẹ. Tí àmì bá ń fò kúrò lórí lẹ́tà, ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ fọ́ǹtì.

Síbẹ̀, ẹ má fi dandan lé àmì lórí orúkọ ẹbí. Ẹlòmíràn ń fi sh kọ orúkọ rẹ̀ láti ayé bàbá-ńlá rẹ̀, bó ṣe wà lórí ìwé ilẹ̀ nìyẹn, bó sì ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn. Ẹ fún oníbàárà ní bírò, kó kọ ọ́ fún yín.

Gbogbo ohun tí mo ti sọ yìí, inú Word nìkan ló ti ń ṣiṣẹ́. Tí ẹ bá ń fi CorelDRAW ṣe káàdì ìgbéyàwó, tàbí tí ẹ ń dáhùn ímeèlì, kò ní tẹ̀lé yín débẹ̀. Ètò kan wà tó ń jẹ́ Espanso, tó máa ń sọ ìgékúrú di ọ̀rọ̀ kíkún, ọ̀fẹ́ ni, kò sì nílò dátà tí ẹ bá ti fi sórí kọ̀ǹpútà tán. Ó máa ń ṣiṣẹ́ níbi tó pọ̀ jù lára ibi tí èèyàn ti lè tẹ̀wé, lórí Windows, Mac àti Linux. Inú fáìlì kan tó ń jẹ́ base.yml ni ẹ ó kọ ọ̀rọ̀ yín sí. Trigger ni ìgékúrú tí ẹ ó tẹ̀, replace ni ọ̀rọ̀ tí yóò jáde. Bó ṣe máa rí nìyí:

matches:
  - trigger: "xilu"
    replace: "Òṣogbo, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun"
  - trigger: "xkesi"
    form: |
      Ìdílé [[ebi]] ń fi tayọ̀tayọ̀ pè yín síbi ìgbéyàwó ọmọ wọn, [[omo]].

Ẹ wo èkejì yẹn dáadáa. Tí ẹ bá kọ xkesi, Espanso kò ní sáré tẹ ohunkóhun. Yóò kọ́kọ́ gbé fèrèsé kékeré kan jáde, yóò bèèrè orúkọ ẹbí, yóò bèèrè orúkọ ọmọ, lẹ́yìn náà ni yóò tó kọ gbólóhùn náà. Ẹ̀rọ tó ń bèèrè kó tó kọ̀wé ni ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ yín nílò, tèmi nìyẹn. Ẹ rántí pé àlàfo lásán ni wọ́n fi ń ṣe ìpele inú fáìlì yẹn. Bọ́tìnnì Tab á bà á jẹ́. Ẹ má sì ṣe ìgékúrú tó jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ òmíràn. Tí ẹ bá ní xkesi tí ẹ tún ní xkesini, èyí kúkúrú á ti fò jáde kẹ́ ẹ tó kọ èkejì tán. Tí Notepad yín bá jẹ́ ti àtijọ́, tó ń bèèrè Encoding nígbà tí ẹ fẹ́ tọ́jú fáìlì, UTF-8 ni kẹ́ ẹ yàn. ANSI kò mọ ẹ, kò mọ ṣ. Àmì ìbéèrè ló máa fi sípò wọn.

Windows 10 àti 11 náà ní ti wọn. Ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows pẹ̀lú V, ohun 25 tí ẹ kọ́pì kẹ́yìn lè wà níbẹ̀, ẹ sì lè fi píìnì kan èyí tí ẹ kò fẹ́ kó lọ nígbà tí kọ̀ǹpútà bá kú. Ó wúlò fún iṣẹ́ ọjọ́ kan. Àmọ́ fún ṣọ́ọ̀bù bíi tiyín, ó ń já mi láyà. NIN oníbàárà, BVN rẹ̀, páswọ́ọ̀dù ímeèlì rẹ̀, gbogbo ohun tó bá ti kọ́pì lórí kọ̀ǹpútà yín ló lè wà níbẹ̀ tí oníbàárà mìíràn á fi jókòó. Ẹ máa tẹ Clear all lẹ́yìn ẹni kọ̀ọ̀kan, tàbí kẹ́ ẹ pa á pátápátá nínú Settings. Ẹ má sì fi NIN tàbí páswọ́ọ̀dù ẹnikẹ́ni sínú AutoCorrect tàbí Espanso láé, kódà tó bá jẹ́ oníbàárà tó ń wá lójoojúmọ́. Láti ọdún 2023 ni Nàìjíríà ti ní òfin tó dáàbò bo ìsọfúnni ọmọnìyàn, kò sì yọ àwọn tó ń báni tẹ̀wé sílẹ̀.

Lórí fóònù, tó bá jẹ́ WhatsApp Business lẹ fi ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀, ẹ wá Quick replies nínú rẹ̀. Ẹ kọ iye owó iṣẹ́ yín síbẹ̀. Tí ẹ bá ti tẹ /, wọn á jáde.

Iná ni mo fẹ́ fi kún un. Word kì í sáré kọ Quick Parts sórí díìsìkì. Ó lè jẹ́ ìgbà tí ẹ bá pa Word fúnra rẹ̀ ni yóò tó kọ ọ́ sílẹ̀. Tí iná bá lọ ní ọ̀sán, tí UPS kò sì gbé e, gbogbo èyí tí ẹ ṣe láàárọ̀ lè lọ pẹ̀lú rẹ̀. Tí ẹ bá ti ṣe bíi márùn-ún, ẹ pa Word, tó bá bèèrè bóyá kó tọ́jú àyípadà, ẹ ní bẹ́ẹ̀ ni, kẹ́ ẹ tún un ṣí. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ Windows pẹ̀lú R, ẹ kọ %appdata%, ẹ wọ inú Microsoft, ẹ wọ inú Templates. Normal.dotm tó wà níbẹ̀ ló gbé Quick Parts yín. Inú Microsoft yẹn náà, nínú fódà Office, ni fáìlì tó parí sí .acl wà, òun ló gbé AutoCorrect. Ẹ pa Word kẹ́ ẹ tó kọ́pì wọn pẹ̀lú àwọn .dotx yín sórí flash, ẹ fi ẹ̀dà mìíràn sórí Google Drive. Ọjọ́ tí kọ̀ǹpútà bá bàjẹ́, tí onítúnṣe ní òun fẹ́ fọ Windows, ẹ ó mọ̀ pé ẹ kò pàdánù iṣẹ́ ọdún kan.

Ẹ má gbìyànjú láti ṣe gbogbo rẹ̀ lọ́sẹ̀ kan. Ètò ìsìnkú ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, ẹ ṣe egungun ti màmá àti ti bàbá ní ọjọ́ Sunday tí oníbàárà kò pọ̀. Ẹ kó àwọn iṣẹ́ àtijọ́ sínú fódà ọ̀tọ̀, ẹ pè é ní Ìpamọ́, kẹ́ ẹ sì sọ fún ọmọ iṣẹ́ yín pé a kì í ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tuntun mọ́. Wíwá @@ kí ìwé tó jáde, ẹ fi ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Ojú tí kò tẹ ìwé náà ló tètè máa ń rí ohun tó kù níbẹ̀.